Okùn Tó Kọjá Òkun

Èmi ni mo rán aṣọ ìgbéyàwó Asenọ,
ẹ má wulẹ̀ bi ẹlòmíràn.
Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí Riwali, bàbá rẹ̀,
fà á fún ẹni tí a kò mọ̀
lórí tábìlì kan náà tí wọ́n ti ń ná iyọ̀.
Ogún adágún iyọ̀ létí òkun Bìrìtánì,
ẹṣin méjì, ọmọbìnrin kan.
Àlùfáà kọ gbogbo rẹ̀ sórí awọ àgùntàn.
Ẹṣin ló kọ́kọ́ kọ.

"Rán an kó tóbi," ni ìyá rẹ̀ wí fún mi,
"ọmọ a máa dàgbà, aṣọ kì í dàgbà."
Mo ṣẹ́ etí aṣọ náà po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá,
lọ́dọọdún mo ń tú ìṣẹ́po kan.

Judikaẹli lorúkọ ọkọ, òdìkejì òkun ló wà.
Okùn la rí, òkun la rí,
okun ọkùnrin náà la ò mọ̀.
Bí àjọ̀dún Míkáẹ́lì Mímọ́ bá ti kọjá,
tí òtútù ń bu ni létí jẹ,
ọkọ̀ ojú omi á gúnlẹ̀, Kadogi á sọ̀ kalẹ̀,
ọmọ ìránṣẹ́ tí ètè rẹ̀ ti sán nítorí iyọ̀,
okùn kan lọ́wọ́ rẹ̀, kókó kan níbi orí,
kókó kan níbi ẹsẹ̀:
"Bí ọ̀gá mi ṣe ga tó lọ́dún yìí nìyí."
Àwa náà á fún un ní tiwa, á gbé e lọ.
Bẹ́ẹ̀ làwọn àfẹ́sọ́nà méjì yìí ṣe ń ríra wọn.

Asenọ a fi okùn kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Mo ti bá a níbẹ̀ tó ń bá okùn sọ̀rọ̀,
tó ń bi í bóyá ó fẹ́ràn ẹja.
Nígbà tó pé ọdún mẹ́rìnlá, kò bá okùn sọ̀rọ̀ mọ́,
ẹni tó mú okùn wá ló ń bá sọ ọ́.
Kí ni mo fẹ́ wí? Abẹ́rẹ́ lójú, kò lẹ́nu.
Bí Kadogi bá ń wọ̀n ọ́n láti àtàrí dé gìgísẹ̀,
ọwọ́ rẹ̀ kì í kàn án rárá.
Ọwọ́ tí kò kàn án yẹn ni mo bẹ̀rù.

Lọ́dún tó kẹ́yìn, Kadogi kò wojú ẹnikẹ́ni.
Okùn náà gùn.
"Ọ̀gá rẹ ti dọkùnrin!" Riwali bú sẹ́rìn-ín.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀fúùfù ń gbé ìbòjú ìyàwó.
Wọ́n gbé Judikaẹli sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin.
Ojú rẹ̀ tutù, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé,
orí rẹ̀ kò ju èjìká ìyàwó lọ.
Asenọ wò ó.
Ó wo Kadogi tó di ìjánu ẹṣin mú,
láti àtàrí,
dé gìgísẹ̀.

Bóyá ilé ọkọ ló ní, "Wọn ara rẹ fún wọn, kí ìtìjú má bà wá."
Bóyá òun ló fẹ́ kí nǹkan kan lára òun
wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Mi ò bi í.

Àlùfáà béèrè ìbéèrè rẹ̀.
Ọmọ náà dákẹ́ títí ẹṣin kan fi tọ̀.
Judikaẹli wá gbójú sókè, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́,
èmi tó di ìrù aṣọ mú nìkan ló gbọ́ ọ:
"Wọn ò jẹ́ kí n fi tèmi ránṣẹ́ mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n."
Ó ṣí àyà aṣọ rẹ̀ díẹ̀.
Okùn tiwa ló wà níbẹ̀, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá,
ó ti fọwọ́ pa wọ́n títí wọ́n fi dán.

"Mo gbà," ni Asenọ wí.
Mi ò lè búra ẹni tó ń dá lóhùn.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn ti lọ, mo wọ yàrá rẹ̀
láti kó abẹ́rẹ́ mi.
Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.
Okùn méje ló kù lórí ìṣó.
Mo tún un kà.